Bàtà Tí Wọ́n Fi Ta Wá Lọ́rẹ

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àdúrà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti erékùṣù àárín òkun yìí. Mo kí Bàámi nínú oko ọ̀pẹ, mo kí àbúrò mi Rẹ̀mí. Mo kí gbogbo ìjọ wa ní Pobè, nítorí èmi ni mo ní kí ẹ ka lẹ́tà yìí sójú gbogbo wọn. Gbangba ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe, n kò ní yọ́ ọ sọ.

Ó rẹ̀ mí, Màámi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré la ní a fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ìhìnrere níbí, ó ti dà bí ọdún mẹ́ta lára mi. Láàárọ̀, a ó ru yanrìn, a ó po sìmẹ́ńtì ilé àdúrà. Lọ́sàn-án, òjò á dé, òjò tí kì í ṣú kó tó rọ̀. Nírọ̀lẹ́, a ó wọ sùtánà, a ó máa kọrin kiri àdúgbò. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Ànàgó, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè Gùn. Ọkùnrin ará ibí kan tó gbọ́ Faransé ló ń ṣe ògbufọ̀ wa. Tí mo bá fẹ́ gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́", àfi kí n kí ara mi.

Bàámi bi mí lọ́jọ́ tí mò ń lọ pé ṣé gbogbo ará Yoko tó wà lẹ́bàá wa ti gbọ́ ìhìnrere tán ni, tí a fi ń fo òkun lọ wàásù fún ẹlòmíràn. Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin la bá ní abúlé kan ṣoṣo yìí.

Lúsíẹ̀n ni olùdarí wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jẹun nínú àwo yín nígbà tí a wà nílé ìwé. Ó ti kọ ìròyìn sí ìjọ pé lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, àwọn ará abúlé bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìsí ẹni tó kọ́ wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ibi mímọ́ ni. Rẹ̀mí sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ jó títí gèlè fi bọ́ lórí yín.

Òótọ́ ni pé wọ́n bọ́ bàtà. Òfin wa sì ni pé ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Níbi iṣẹ́ pàápàá, a ò wọ̀ ọ́, torí Lúsíẹ̀n ti ya ilẹ̀ náà sí mímọ́. Nígbà tí a rí bàtà wọn, Lúsíẹ̀n sunkún ayọ̀. Àmọ́ nígbà tí ìsìn parí, gbogbo wọn ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sílé, bàtà sì wà nílẹ̀ ní òkìtì. A ní kí ògbufọ̀ pè wọ́n padà. Ó wò wá, ó ní àwa ni wọ́n kó o wá fún. Láti ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ti ń wò wá lórí òkúta gbígbóná, àánú wa sì ṣe wọ́n, pé tálákà ni wá, a ò ní bàtà, síbẹ̀ a tún ń kọ́lé fún wọn.

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Lúsíẹ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kó bàtà wọn, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fọwọ́ kàn án. Kò kọ ìyẹn sínú ìròyìn.

Ìyá àgbà kan kò kó tiwọn. Sálúbàtà rọ́bà ni, okùn rẹ̀ kan ti já, wáyà ni wọ́n fi so ó. Òkúta ti gé mi ní àtẹ́lẹsẹ̀ níbi iṣẹ́, ó wú débi pé kò wọ bàtà tí mo wọ̀ wá láti ilé mọ́, ìyá yìí sì ti rí i pé mò ń tiro. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n to sálúbàtà náà síwájú mi. Mo ní kí ògbufọ̀ ṣàlàyé òfin wa fún wọn. Ó ṣàlàyé títí. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Sọ fún un kó wọ̀ ọ́ rìn, kí n rí i."

Mo wo ẹsẹ̀ tiwọn. Ẹsẹ̀ lásán ni, ilẹ̀ sì ń jóni. Sùtánà tí ẹ fọwọ́ ara yín rán ló wà lọ́rùn mi. Mo wọ sálúbàtà náà, gìgísẹ̀ mi yọ síta. Ẹ má jẹ́ n parọ́ pé tìtorí ìfẹ́ nìkan ni. Ẹsẹ̀ ń ro mí, Màámi. Mo rìn dé ìdí igi àgbọn, mo rìn padà, ìyá náà pàtẹ́wọ́.

Lúsíẹ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó ní, "Bọ́ sùtánà yẹn."

Mo bọ́ ọ lójú gbogbo èèyàn. Ó ní n kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́ títí ìjọ ilé yóò fi dá ẹjọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyá náà lọ ra ẹja, mo gbé sálúbàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà wọn, torí wọn ò ní òmíràn. Mo ti fọ sùtánà yín, ó wà nínú báàgì mi. Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún oríṣiríṣi nǹkan láti ọjọ́ náà, ti sálúbàtà yẹn ni n kò tíì mọ bí mo ṣe máa tọrọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí máa dùn jù, mo mọ̀. Ìyá ìjọ ni yín, àga iwájú lẹ ń jókòó sí, ẹ̀yìn yín ni gbogbo wọn á máa wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dá ẹjọ́ mi. Ìdí nìyí tí n kò fi ní já lù yín. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí a bá dé Kútọnù, tásì ni mo máa wọ̀, àmọ́ Sakété lójú ọ̀nà Pobè ni mo máa sọ̀ sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má wulẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó lè ṣòro fún yín láti sọ ọ́ lẹ́nu. Sálúbàtà mi àtijọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Tí ẹ bá fẹ́ kí n wálé, ẹ fi rán ọlọ́kadà zémì kan sí mi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ kò ní fi ẹkún sin ọmọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ kí Bàámi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹsẹ̀ òsì ló wú. Bí ẹyọ kan ti òsì péré lẹ bá rí, ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, tí yóò máa wo ọ̀nà ní Sakété,
Benuwá.