Ẹ-Gbé-E-Wálẹ̀, Alágbẹ̀dẹ Ìbọn

Ní ọdún 1944, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, ni wọ́n bí Bàbá wa, olóògbé, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ẹ-Gbé-E-Wálẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn àti bàbá tó bí bàbá wọn. Aránṣọ ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì padà sídìí ẹwìrì.

Ìbọn ọdẹ ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá bá wọn jókòó rí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àfi tó bá dití: bí ọ̀pá ìbọn bá jókòó ga ju ibi tí ìdí rẹ̀ ti fara ti èjìká lọ, ẹnu ìbọn á fò sókè nígbà tó bá dún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dè é wálẹ̀ kó bá èjìká dọ́gba, ẹ̀yìn tààrà ló máa tini sí. Níbi ìgbéyàwó tiwọn gan-an ní 1970, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

Màmá wa fara dà á. Pẹpẹ ìkòkò ńkọ́? Ẹ gbé e wálẹ̀. Àwòrán ara ògiri? Ẹ gbé e wálẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní kí Bàbá máa lọ sinmi, torí wọ́n ń pàṣẹ fún àwọn olóhùn òkè. Ìjọ wá fi wọ́n ṣe alábòójútó àga. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lé àwọn àga náà lónìí mọ ohun tí Bàbá fi ẹsẹ̀ àga ṣe.

Ní 1998 ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àkọ́bí wọn, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ní ọrùn ń dun àwọn ọdẹ tó ń tẹ̀ ba kí wọ́n tó fojú sun ẹran. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í de ọ̀pá sókè ní ìwọ̀n ìka méjì. Bàbá ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ò ní jáde nínú ìsọ̀ òun. Ọmọ kó irinṣẹ́, ó lọ dá ìsọ̀ sílẹ̀ lódìkejì títì, kò sì wọlé mọ́. Ìbọn rẹ̀ fò, ó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, eyín kan yọ. Ó ní òun ṣubú ni. Èjìká Bàbá náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ló gbá àwọn. Ọ̀rọ̀ náà sú Màmá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé abọ́ oúnjẹ sọdá, tí wọ́n ń bi àwọn méjèèjì pé: "Ṣé nítorí ìka méjì péré lẹ ò ṣe ní í jẹun pọ̀ mọ́?"

Lọ́dún tó kọjá, tẹsẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbé Bàbá mọ́, wọ́n sọdá títì fúnra wọn. Ọmọ gbé ìbọn tuntun lé wọn lọ́wọ́: ó ti gbé ọ̀pá wálẹ̀ ní ìka kan, ó sì fi tìmùtìmù awọ bo ìdí rẹ̀ nítorí èjìká. Bàbá yìn ín sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìsọ̀. Màmá dúró tì wọ́n, wọ́n ń gbàdúrà pé kí ọkùnrin yìí sáà sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan láyé.

Bàbá ní, "Ó dáa. Ó ku díẹ̀. Gbé e wálẹ̀."

Inú bí Màmá títí wọ́n fi sunkún. Ọmọ ní tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ ni Màmá, ọmọ márùn-ún, àwọn ọmọ-ọmọ, àti àwọn àga kúkúrú inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí pósí bá dé etí ibojì, Màmá ti ní àkọ́bí ni kó pàṣẹ fún àwọn tó di okùn mú. Ó mọ ohun tí yóò sọ, gbogbo wa náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e wálẹ̀ jẹ́jẹ́ o.

Bàbá, ó ti wálẹ̀ tó báyìí. Ẹ fọkàn balẹ̀, kẹ́ ẹ sùn.