Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ìwé Ìdìbò fún Opal

                                        Gbọ̀ngàn Ìlú Alder,
                                        Àríwá Michigan.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, 2024.

Bernadine, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Arizona lọ́hùn-ún? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rìn? Ọmọbìnrin rẹ tó bímọ nígbà ooru ńkọ́, ṣé ọmọ náà ti ń jẹ́ kó sùn? Èmi wà láàyè, n kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yìnyín àkọ́kọ́ ti rọ̀, àwọn ọkùnrin ibí sì ti ń nu ìbọn wọn de ọjọ́ Ẹtì tí ọdẹ àgbọ̀nrín yóò bẹ̀rẹ̀.

Má bínú pé láti oṣù Kẹjọ ni n kò ti fèsì lẹ́tà rẹ. Iṣẹ́ akọ̀wé ìlú àti ìdìbò yìí ni kò jẹ́ kí n rójú. Mo ti sọ fún ọ nípa owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ kí ètò ìdìbò lè dára sí i ní àwọn ìlú kéékèèké. Ọdún méjì ni mo fi kọ fọ́ọ̀mù lórí fọ́ọ̀mù, kí a lè fi ra ẹ̀rọ tó ń ka ìwé ìdìbò sétí ẹni tí kò ríran. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i tán, ó ku kí ìgbìmọ̀ ìlú gbà á, Clayton Harju, alága wa, sì fárí gá.

Ó ní, "Leona, ta ló ní kí wọ́n wá bá wa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe? Lónìí wọ́n á fún wa lẹ́rọ, lọ́la wọ́n á máa kọ́ wa bí a ṣe ń ka ìbò."

Mo ní, "Àbúrò yín kò ríran, Clayton. Irú Opal ni ẹ̀rọ náà wà fún."

"Èmi wà fún Opal."

Ẹni mẹ́ta gbà, ẹni méjì kọ̀, owó náà wọlé. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ní ìsinmi. Àwọn tí a jọ lọ sílé ìwé ń dá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń bi mí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà láti òkèèrè. Ẹnìkan fi ìwé há iwájú ọkọ̀ mi pé àwọn ń ṣọ́ mi. Mo kà á, mo jù ú sínú iná ààrò, mo sì lọ sùn. Ìbẹ̀rù pàápàá ti sú mi.

Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí àtọ̀gbẹ ti gba ojú Opal. Láti ìgbà náà, Clayton ló ń mú un wá, òun ló ń ka orúkọ sí i létí, òun ló ń fi bírò sàmì sí ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n tún dé bíi ti àtẹ̀yìnwá. Clayton ti mú bírò lọ́wọ́ nígbà tí Opal sọ̀rọ̀.

"Leona, wọ́n ní o ní ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀."

Clayton ní, "Má da ara rẹ láàmú. Kíá la ó ṣe é tán."

"Mo mọ̀. O ṣeun. Lónìí, mo fẹ́ dá a ṣe."

Mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ bọ̀ ọ́ létí, mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé àwọn bọ́tìnnì, mo sì kúrò níbẹ̀. Ó ṣì bọ́tìnnì kan tẹ̀, ó sì ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kùn lórí ìlà. Ogójì ìṣẹ́jú ó lé ló lò kó tó dìde.

Ó ní, "Leona, ìwé yẹn ní ẹ̀yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìbò àwọn adájọ́, ti ilé ìwé, ti ilé ìkàwé ló wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, n kò mọ̀ pé ó ní ẹ̀yìn."

Kò pariwo. Ó di ọwọ́ Clayton mú kó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì lọ.

Clayton tún wọlé sípò alága pẹ̀lú ìbò tó pọ̀ dáadáa. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó jókòó láìbọ́ kóòtù.

"Ṣé o lè wò ó fún mi bóyá ó dìbò fún mi?"

"Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í."

"Mo ti bi í. Ó ní àṣírí ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè rín in.

Ó ní, "Mi ò tàn án jẹ o. Èmi náà ò mọ àwọn adájọ́ yẹn. Mo kàn ń fò wọ́n ni."

Nígbà tó yá, ó ní kí n fi ẹ̀rọ náà han òun. Mo gbé ìwé ìdánrawò sí i, èyí tí orúkọ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, ó di ojú, ó sì gbọ́ ọ láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ọ kúrò.

"Ṣé gbogbo èyí ni Opal jókòó gbọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Ní tèmi, kò sẹ́ni tó bá mi du ipò akọ̀wé, nítorí náà ọdún mẹ́rin mìíràn ti já lé mi lórí. Fọ́ọ̀mù owó ìjọba ti ọdún tó ń bọ̀ ti dé. Mo kàn wò ó, mo gbé kọfí lé e.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì fi ẹnu kan ọmọ tuntun náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi. Bí oòrùn bá pọ̀ jù fún yín lọ́hùn-ún, ẹ rántí wa.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí àárẹ̀ ti mú, tí kò sì gbàgbé rẹ,
Leona Pelkola