Ìgò Kan Ṣoṣo Tó Kù Nínú Yìnyín

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn yín lórí rédíò ló máa ń bá mi fọ ìgò ní yàrá ìwádìí yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń wo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi.

Nígbà tí bàbá mi wà láyé, ó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè fi wádìí àìsàn tó ń bá a fínra. Bàbá ti lọ. Ìgò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú fìrísà. Bí mo bá ṣí i láàárọ̀, èéfín tútù a rọra bò mí lójú, a dà bíi pé ẹnì kan ń mí sí mi lára. Mo máa ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Lánàá, ọ̀gá wa pè mí. "Ọmọ mi, a fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ ṣe àyẹ̀wò tó kẹ́yìn. Bó bá ti yọ́, ó parí nìyẹn. Bí ẹ̀yin ẹbí rẹ̀ ò bá gbà, a ò ní fọwọ́ kàn án."

Mo sọ fún màmá mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi tí kì í jókòó sójú kan! Jẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀, jàre. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri." Lẹ́yìn náà, ó ní ohun tí mo bá sọ ni abẹ gé.

Ọ̀la ni wọ́n ń retí èsì mi. Ẹ̀yin òbí mi tó ń gbọ́ wa, ṣé kí n jí bàbá mi, àbí kí n jẹ́ kó máa sùn?