Hóró Márùn-ún Lójúmọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Màmá dé ọ̀dọ̀ mi láàárọ̀ yìí, wọ́n di ìhà òsì mú. Nǹkan wẹ́wẹ́ olómi ti tò yí wọn lára bí ìgbànú, ó ń ta wọ́n bí iná. Dókítà — Má-kánjú ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ — ní kòkòrò ṣíkínpọ́ọ̀sì tó mú wọn ní kékeré ló ti ń sùn sí wọn lára tó wá jí. Ó kọ oògùn tó ń bá irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ jà: hóró márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá. Kí wọ́n máa mu omi dáadáa. Kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó lọ, torí ọjọ́ orí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Ènìyàn mọ́kànlélógún ló wà lórí ìlà àyẹ̀wò. Mo kà wọ́n. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo ní a ó padà wá. Oògùn ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, kí la tún ń dúró dè?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo ya àtẹ oògùn, mo lẹ̀ ẹ́ mára fíríìjì. Mo ń mààkì. Ìrora ò jẹ́ kí Màmá gbádùn, mo bá fi hóró tí mo ń lò sí ẹ̀yìn dídùn mi kún un: méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Omi ni wọn ò fẹ́. Wọ́n ní bí àwọn bá dìde lọ ilé ìtọ̀, bí ìgbà téèyàn ń fi irin gbígbóná ha àwọn níhà ni.

Orí tábìlì ìjẹun ni mo ti ń darí iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ń kó lọ sí ilé tuntun lọ́sẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ mi ló ń bá wọn kó ẹrù. Ọ̀ọ́dúnrún àga. Èmi wà nílé, mò ń ka hóró oògùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Màmá ń ṣẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì po, wọ́n ń fi èékánná tẹ etí rẹ̀. Adìwé ni wọ́n — ogójì ọdún ni wọ́n ti ń rán ìwé, tí wọ́n ń lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà. Mo rò pé ọwọ́ ló ń yún wọn fún iṣẹ́. Wọ́n gbójú sókè: "Ojú ewé kẹrìndínlógún ò sí níbí. Ta ló ya á?"

Mo rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí. Wọ́n ní àwọn kan jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí n fún wọn ní àga. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n gbé báàgì kọ́ apá, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Mò ń lọ ilé mi." Mo ti ìlẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú kọ́mú mi.

Mo pe Ẹlẹ́kún, àbúrò mi obìnrin. Ó kọ́kọ́ sunkún ná, bí ìṣe rẹ̀. Mo ní ọpọlọ Màmá ti ń lọ. Ó ní, "Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí mi? Ṣé ọbẹ̀ àná ni ọpọlọ ni, tó fi kan?"

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rí i. Wọ́n gbé gọ́ọ̀mù kaná, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Wọ́n sọ ohun kan náà fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rí ti pé.

Lándílọ́ọ̀dù wọn pè. Àdéhùn yàrá yóò parí lópin oṣù yìí, oníṣègùn eyín kan sì ń dúró dè é. Ó fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ọ̀sán ọ̀la tó pọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo pinnu. Mo ní kí lándílọ́ọ̀dù máa gba yàrá rẹ̀. Ẹlẹ́kún jókòó ti Màmá, èmi kó òṣìṣẹ́ mi mẹ́rin lọ. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀, yàrá méjèèjì ṣófo fẹ̀ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ, ọ̀dọ̀ mi. Ìwé àwọn oníbàárà, ọwọ́ àwọn oníbàárà. Irin ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ìwé — ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e — mo fi ta ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́rẹ. Mo buwọ́ lùwé lórúkọ Màmá. Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní.

Ẹlẹ́kún ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ lè sáré sin òkú kó tó kú. Ẹ ò bá kúkú di Màmá náà sínú páálí."

Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọn ò jẹun. Wọn ò mu omi. Oògùn ò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Yàtọ̀ sí ìrìn Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ mi rèé nínú ilé yìí. Kọ́kọ́rọ́ wà láyà mi, síbẹ̀ èmi náà ò lè jáde. Màmá dúró ti ìlẹ̀kùn, mo dúró tì wọ́n. Wọ́n lọ sí kíṣíìnì, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n padà, mo padà. Wọ́dà àti ẹlẹ́wọ̀n, ọgbà kan náà ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń bá kó ẹrù, àwọn òṣìṣẹ́ mi fọ́ dígí mẹ́ta lẹ́yìn mi. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni!

Ní ìrọ̀lẹ́, ojú Màmá dá fún ìṣẹ́jú kan. "Kíákíá" — orúkọ tí wọ́n ti ń pè mí láti kékeré — "jọ̀ọ́, tú mi sílẹ̀."

Mo lọ sí bálùwẹ̀. Mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo pe Má-kánjú kó kọ ìwé fún mi pé ọpọlọ Màmá ti dà rú; ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan tí mo fẹ́ fi wọ́n sí ló béèrè ẹ̀. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn. Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn? Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ẹ̀. Èsì ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Mo ní ìlà gùn. Kí ni wọ́n tún ń lò mọ́ ọn? Mo sọ.

"Ẹ má fún wọn ní hóró kan mọ́. Ẹ gbé wọn wá báyìí báyìí."

Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kíndìnrín ni. Òun ló ń ṣan oògùn náà kúrò lára, tiwọn sì ti ń rẹ̀ tipẹ́, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àyẹ̀wò yẹn ni ì bá sọ ọ́, wọn ì bá sì dín hóró kù. Hóró ẹ̀yìn tèmi tún dẹ́rù lé e. Àìmu omi parí ẹ̀. Oògùn kó jọ sẹ́jẹ̀, ó gun orí.

Má-kánjú ní ó wà nínú ìwé pélébé inú páálí oògùn: ó lè da ọkàn rú, ó lè mú èèyàn rí ohun tí kò sí, pàápàá àgbàlagbà. Ìwé yẹn, ọjọ́ kìíní ni mo ti jù ú nù kí àpótí oògùn lè fẹ̀.

Wọ́n ti fa omi sí wọn lára. Mo bi í pé ṣé orí wọn á padà wálé. "Ó ṣeé ṣe. Ẹ ní sùúrù."

Ibo ni wọ́n ti ń rí i?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Wọ́n sùn. Mo jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Màmá jí. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́. Wọ́n gba fáìlì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, wọ́n ní: "Ta ló rán èyí? Kò ní pé oṣù kan tí yóò fi tú." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́kún sunkún, lọ́tẹ̀ yìí ó tọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà: "Ìwé adájọ́ kan wà lábẹ́ irin mi. Lọ́jọ́ Ajé ló ń bọ̀ wá gbà á. Ta ló lè bá mi wò ó?"

Ẹlẹ́kún wò mí. Mo ní kí Màmá sinmi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ní àárọ̀, mo kọ́kọ́ sáré lọ bá lándílọ́ọ̀dù. Wọ́n ti kun ògiri. Wọ́n ti de àga oníṣègùn eyín mọ́lẹ̀.

Mo wá sọ fún Màmá. Gbogbo rẹ̀, lórí ìdúró.

"Ìwọ lo kó o?" Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. "Wákàtí mélòó?" Mẹ́ta àbọ̀, Mà. Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. "O mọ iṣẹ́ ẹ." Ká ní wọ́n bú mi ni!

Nọ́ọ̀sì mú ìwé wá. Wọ́n lè máa lọ lọ́la. Ó béèrè orúkọ, Màmá sọ ọ́. Ó béèrè ọjọ́ orí, Màmá sọ ọ́. Ó béèrè àdírẹ́sì.

Màmá nàka sí mi. "Ẹ bi í. Òun ló mọ ibi tí mò ń gbé."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sókè, ó ń dúró dè mí.