Àlàmú Kan, Àwọ̀n Mẹ́rin

Nusrat ọmọ mi,

Ọ̀gá yín ní Opebi, Ọ̀gbẹ́ni Johnson, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Ajé, ó fi yé mi pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, ọmọ aráyé ní ń ṣe é. Ó sọ ọ́ bí àdúrà, èmi náà ṣe àmín.

Ṣé ara le ní Agége tí o ń gbé? Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún wọn náà ń kí ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tí o fi ń wo kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ó dùn ọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ. O ní àwọn irinṣẹ́ kan wà tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, pé èdè tí ẹ fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ń pe ọ̀kan ní orúkọ kan, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń pe é ní òmíràn, ìwọ ni kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí ni tọ̀hún. O ní bí kò bá parí lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ ni Johnson yóò gbé e fún, kí ìwọ máa lọ ilé. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà kò ta kókó. Èdè yẹn ni ìyàwó, kọ̀ǹpútà ni ilé ọkọ. Ìyàwó wo ló ń pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ?

Mùíbì tó ń kọ orúkọ kiri nítorí àwọ̀n ẹ̀fọn gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wá sílé wa. N kò sí nílé, àwọn ìyàwó ilé ló dá a lóhùn. Modinat ní Eyínfúnjowó ń gbébẹ̀, ìyá rẹ ní Agúntáṣọọ́lò, Khàdíjàt ní Dúdúyẹmí. Àbúrò mi Àlàmú ni gbogbo wọn ń pè bẹ́ẹ̀, òun náà sì tún jáde, ó ní Àlàmú ni òun. Bí ẹnì kan ṣe gba àwọ̀n mẹ́rin nìyẹn. Ó ti fi ọ̀kan bo adìyẹ.

Ìyá mi ní Sùlíyá ni àwọn, ọmọ jòjòló ayálégbé wa náà ń jẹ́ Sùlíyá. Ẹ̀rọ ní òun ti kọ Sùlíyá, ó pa wọ́n pọ̀, wọ́n di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ṣì ń mu ọmú. Àwọ̀n kan ṣoṣo ló dé, ìyá mi gbé e fún ọmọ, ibà sì ti dá ìyá mi dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo pe Mùíbì, ó ní ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Mo bi í bóyá ẹbí Johnson ni.

Nítorí náà, má wo orúkọ lẹ́nu. Pe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde, kí o bi í iṣẹ́ tó ń ṣe àti ẹni tó bí i. Bí o bá lè rí ìyálé inú èdè náà, mú búrẹ́dì dání lọ kí i, òun ló mọ gbogbo wọn.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó oògùn ránṣẹ́ fún ìyá àgbà. Ìmọ̀ rẹ kò ní di ohun ìtẹ̀mọ́lẹ̀, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n bá èmi Àjíṣọlá bàbá rẹ bi Johnson: bí o bá ti lọ, tí ẹ̀rọ tún wá pa ẹni méjì pọ̀, ta ni yóò mọ̀?