Rumaysa Kò Lọ sí Ọsibítù Ẹsẹ̀ Kankan

Limawa, Minna
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásàrí

Ummuhani ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ ní àárọ̀, káàárọ̀ o. Bó bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, kú iṣẹ́ o. Bó bá sì jẹ́ alẹ́ lo rí i gbà, kí Ọlọ́hun jẹ́ kí o sùn kí o jí, kí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òtútù tí ẹ gbé kọ́ ara ògiri má sọ ìwọ àti Saifullah ọkọ rẹ di yìnyín. Mo kí i púpọ̀. Bàbá rẹ kí yín, orúnkún rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, ó sì ti padà sídìí àwọn ọmọ kéú rẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú wa bí méjì, ọjọ́ tí wọ́n dáyé náà ni wọ́n dìde tí wọ́n ń sáré kiri. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, nítorí náà má sọ ọ́. Rumaysa ọmọ rẹ kì í ṣe ọmọ ewúrẹ́.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé lórí fóònù o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Kí n tó sọ ìdajì, wàá ti ní kí n gbọ́ ná. Nínú ìwé yìí, ìwọ ni wàá gbọ́ ná. Dírẹ́bà tó ń lọ sí Àbújá láàárọ̀ ọ̀la ni màá fi rán.

O ní o ń bọ̀ ní Sátidé wá gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kan tí wọ́n ti ń wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé, nítorí pé ó ti lé ní ọdún kan, kò rá, kò sì rìn. N kò gbà. Mo tún un kọ kí o lè kà á dáadáa: n kò gbà. Nígbà tí iṣẹ́ Àbújá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ tí o gbé ọmọ yìí wá, àdéhùn wa ni pé ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà títí yóò fi rìn, ọjọ́ tó bá sì rìn ni wàá wá mú un. Ẹnu rẹ ló ti jáde. Ní báyìí tí kò tíì rìn, o tún fẹ́ mú un lọ torí pé kò rìn. Bó bá rìn, o mú un. Bí kò bá rìn, o mú un. Haba! Irú ọjà wo là ń ná bẹ́ẹ̀?

Mo mọ ẹni tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin inú fóònù yẹn ni. Láti ìgbà tí o ti fi ohun tí ẹ ń pè ní áàpù ọmọ títọ́ sínú fóònù mi, gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń kọ̀wé sí mi, Kàbírátù ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ló ń bá mi ka gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, torí ó ti ṣe tíṣà rí. Obìnrin yẹn kò kí mi rí. Kò béèrè bóyá mo jí. Àfi kó ṣáà máa bi mí bóyá ọmọ ti gbé orí, bóyá ó ti yí ara padà, bóyá ó ti rá. Mo ní kí Kàbírátù bi òun náà léèrè iye ọmọ tó ti bí, kò dáhùn títí di òní. Nígbà tó ní kí n máa dà á dojúbolẹ̀ lórí ẹní lójoojúmọ́, kí ọrùn àti èjìká rẹ̀ lè le, inú bí mi, ṣùgbọ́n mo rántí pé bí mo bá ń kírun, Rumaysa máa ń forí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìdí rẹ̀ á wà lókè, á sì pẹ́ níbẹ̀ ju èmi lọ. Mo ní kí Kàbírátù sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni. Inú obìnrin náà dùn, ó ní òun fún wa ní ìràwọ̀ wúrà kan. N kò tíì rí ìràwọ̀ náà gbà o. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ ló fi í ránṣẹ́ sí, bá mi tọ́jú rẹ̀.

Pé kò rá, òótọ́ ni. Ìdí ló ń fi wọ́. Á jókòó, á na ẹsẹ̀ kan, á fi ọwọ́ ti ilẹ̀, kí n tó yíjú ó ti kúrò nídìí ìkòkò, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ló ti ya tán. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wẹ̀ ẹ́ tí mò ń fi òrí ra orúnkún rẹ̀, mo ń na apá, mo ń na ẹsẹ̀, mo ń gbé e sókè sódò, á máa rẹ́rìn-ín. Mo gbẹ́ ihò sínú iyanrìn lẹ́yìn ilé, mo gbé e dúró síbẹ̀, mo wa iyanrìn yí i ká dé ìbàdí, ó sì dúró gbọin bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Bí mo ṣe ṣe ìwọ náà nìyẹn, ẹsẹ̀ yẹn lo sì fi ń gun òkè ilé iṣẹ́ yín lónìí, àfi bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé irin kan ló ń fà yín lọ sókè bí korobá inú kànga.

Ẹrù tí o fi mọ́tò ránṣẹ́ náà wà. Nígbà tí mo tú u, mo rí táyà kéékèèké lábẹ́, mo rí aṣọ líle tó ní ihò méjì láàárín, mo sì ṣàdúrà fún ọ títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ọmọ mi rántí bí àwọn mẹ́ruwà ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé omi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ra ọmọlanke kékeré fún mi. Gálọ́ọ̀nù kékeré méjì jókòó sínú ihò náà bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Mo ti fi ń ti omi kiri Limawa kí o tó pè pé ẹsẹ̀ Rumaysa ló yẹ kó wà nínú ihò yẹn, kó lè máa fi kọ́ ìrìn. Ọmọ tí kò tíì lè dá dúró, kí n gbé e gun táyà? Bó bá yí wọ inú gọ́tà ńkọ́? Omi ló ń bá mi gbé, omi náà ni yóò máa gbé.

Ṣùgbọ́n Kàbírátù náà kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ rìn nígbà tí n kì í gbé e sílẹ̀. Ó ní bí mo bá ń gbálẹ̀, ó wà lẹ́yìn mi, bí mo bá ń yan ẹ̀pà, ó wà lẹ́yìn mi, bí mo bá lọ kí ará àdúgbò, ẹ̀yìn mi náà ló wà. Ó ní ó jọ pé n kò fẹ́ kó rìn. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ọyẹ́ mú, ilẹ̀ tutù. Bó bá di ọ̀sán, ilẹ̀ á gbóná. Adìẹ wà níta. Àwọn ọmọ kéú ń sáré, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. 

Ó wá ku ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Lánàá tí o pè mí pẹ̀lú àwòrán, mo gbé fóònù ti bútà àlùwàlá lórí àpótí, kí o lè rí gbogbo agbo ilé, kí n má baà fi ọwọ́ bò ọ́ lójú. Rumaysa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ìró mi mú. Fóònù yọ̀, ó dùbúlẹ̀, o bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé páànù nìkan lò ń rí. Lẹ́yìn náà o ń pe ọmọ, o ń pè é lórúkọ, o ní màmá rẹ̀ rèé. Ọmọ náà wo àpótí. Ó tú ìró mi sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó mì, mo na ọwọ́ sí i, kò gba ọwọ́ mi, ó gbé èkejì, ó sì ń lọ, Ummuhani, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó ń lọ títí ó fi gbá àpótí mú. Ìgbà yẹn gan-an ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já. Ìwọ kò rí nǹkan kan. Kàbírátù wà lọ́jà, bàbá rẹ wà ní mọ́sáláṣí. Ojú èmi nìkan ló ṣe.

Mo gbé e, mo pọ̀n ọ́n, mo so ọ̀já le. O pè padà, o béèrè ọmọ, mo ní ó ti sùn. N kò ní tọrọ àforíjì. Inú ń bí mi. Èmi tí mò ń fi òrí ra á, tí mò ń fẹ́ kùnú rẹ̀ kó tó mu ún, ọ̀dọ̀ mi kọ́ ló kọ́kọ́ rìn sí. Ohùn rẹ ló rìn lọ bá, ohùn lásán, ìyá tí kò tilẹ̀ rí lójú. Láti àná ló ti ń ta ẹsẹ̀ mọ́ mi ní ìhà, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ǹ bá dákẹ́. Ta ni ì bá sọ fún ọ? Bí obìnrin inú fóònù bá béèrè ní Mọ́ńdè, ǹ bá ní kí Kàbírátù tẹ rárá fún un.

Ó dáa, máa bọ̀ ní Sátidé. Ti ọsibítù ẹsẹ̀, n kò tíì gbà síbẹ̀. Má rán dírẹ́bà, má rán Saifullah, ìwọ fúnra rẹ ni kó wá. Mú owó díẹ̀ dání fún mi, òrí ti tán, iná alẹ́ bàbá rẹ sì ti bàjẹ́. Má gbé ohun tó ní táyà wá mọ́. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó ṣọ́ ọkọ rẹ, kó jẹ́ kí ọmọ tí o bí yìí rìn dáadáa, ṣùgbọ́n kó má rìn jìnnà sí ọ bí ìwọ ṣe rìn jìnnà sí mi. Àmín.

Bí o bá dé, má tíì wọlé. Lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé, kí o pè é bí o ṣe pè é lánàá. Màá tú ọ̀já, màá gbé e sílẹ̀. Kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá ọ, nítorí ọwọ́ èmi kò lè gbé e fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàlíhátù