Orúkọ Tí Mo Rán Sẹ́yìn Jẹ́sì Kí Ìdánwò Tó Wáyé

Ilé Ìránṣọ,
Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Pápá.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, ọdún 2022.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọbìnrin,
Ilé Àjọ Eré Bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ BÍ AKỌ́NIMỌ̀Ọ́GBÁ ṢE YAN IKỌ̀ ÀWỌN ỌMỌBÌNRIN ORÍLẸ̀-ÈDÈ, ÀTI BÍ Ó ṢE Ń LÒ WỌ́N

1. Èmi ni mo ti ń rán orúkọ àti nọ́ńbà sẹ́yìn jẹ́sì àwọn ikọ̀ yín láti ọdún mẹ́sàn-án. Èmi náà ni ìyá ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́lé tó wá ṣe ìdánwò. Mo sọ méjèèjì pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn mi.

2. Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìdánwò, akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ kó ogún jẹ́sì wá, pẹ̀lú ìwé tí orúkọ ogún wà nínú rẹ̀. Orúkọ ọmọ mi kò sí níbẹ̀. Mo ṣe bí aṣọ àwọn ti ọdún tó kọjá ni, torí ta ló ń rán aṣọ ìyàwó nígbà tí a ò tíì mọ ẹni tí a ó fẹ́? N kò sọ ọ́ nílé. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà dé ìdí oúnjẹ.

3. Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò, mo sì wà létí pápá. Ọmọ méjìlélógójì ló yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú oòrùn ọ̀sán. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó lọ mu ún nílé ìyá rẹ̀. Ọmọ mi fi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú hàn án. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni mo wá wò, n kò wá wo ẹkún." Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ kan ṣọ́ ilé, ó mú bọ́ọ̀lù mẹ́ta.

4. Lẹ́yìn náà ni ó ń pe àwọn tó yege. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹnu yà mí, kò sì tíì padé títí di òní. Kí ó tó pe orúkọ kan, mo ti mọ èyí tó kàn. Bí wọ́n ṣe tò sínú ìwé tó fún mi ni ó ṣe pè wọ́n. Aṣọ́lé tó kọ́kọ́ pè kò tilẹ̀ wọ pápá. Abẹ́ ibòji ló jókòó sí, tòun ti sálúbàtà. Òun náà ń wò yíká bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. N kò bá ọmọ ọlọ́mọ jà.

5. Lọ́nà ilé, ọmọ mi ní kí ni òun ṣe tí kò dára. Ní Ọjọ́rú, tí ìdánwò ku ọ̀la, tí mo ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ rẹ̀, tí mo ń sọ fún un pé kó fara dà á, inú dúrọ́ọ̀ mi ni ìwé náà wà.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún ìdánwò náà ṣe níwájú àwọn tí kò mọ ẹni tó bí ta. Kí wọ́n wọ nọ́ńbà láìsí orúkọ. Kí dókítà wà níbẹ̀, kí omi náà wà. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá sì sọ fún ọmọ mẹ́tàlélógún tó sáré tí kò pè ohun tó mú kó sá wọn sóòrùn lásán. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. N kò fi ránṣẹ́, torí ìwé tó bá wọ ọ́fíìsì, àwárí rẹ̀ a máa le. Ẹ rán ẹni méjì wá wò ó.

Jẹ́sì mọ́kàndínlógún ti lọ. Ti aṣọ́lé abẹ́ ibòji yẹn ló kù, torí òwú rẹ̀ tán lọ́wọ́ mi. Mo ti tú orúkọ tí mo rán dé ìlàjì. N kò rán ti ọmọ mi dípò rẹ̀. Ó wà lórí ẹ̀rọ láìní orúkọ, títí tí ẹnì kan yóò fi gbà á lórí pápá.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Alábẹ́rẹ́,
Aránṣọ ikọ̀ yín.